Sinimá Ilé Oníwin Tí A Wò ní Dọ̀pẹ̀mú

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn àgbà ìjọ wa ti ń jiyàn bóyá ó tọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ máa wo sinimá tí a ti ń fi iwin àti òkú hàn. Àwọn kan wí pé ohun tí ojú bá rí ní í wọ ọkàn lọ, àti pé ẹni tí ó bá ń fi iwin ṣe eré yóò bá iwin pàdé ní ọjọ́ kan. Àwọn mìíràn wí pé òjìji lásán lára aṣọ funfun ni, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára. Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti bá ìhà méjèèjì jókòó, a sì ti mi orí fún èyí bí a ti mi orí fún ìyẹn, nítorí pé katikíìsì tí ó bá fẹ́ kí ìyàn oúnjẹ ìkórè kan ilé òun kì í dá sí gbogbo iyàn. Ṣùgbọ́n ní ìsinmi oṣù kẹjọ tí ó kọjá yìí, ọ̀ràn náà dé ẹnu ọ̀nà wa, a kò sì rí ibi sá sí.

Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ bá Alùfáà ìjọ wa, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ̀ǹda gbọ̀ngàn tí ó wà lẹ́yìn ilé ìsìn fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, kí àwọn lè wo sinimá. Wọn kò purọ́ pé ìtàn Mósè ni. Wọ́n wí pé ìtàn ilé kan tí iwin ń gbé ni, àti pé inú ìwé kan tí ó lókìkí ni a ti mú un jáde. Alùfáà rò ó títí, ó sì dá wọn lóhùn pé òun yóò yọ̀ǹda bí katikíìsì bá lè bá wọn jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Báyìí ni àwọn ọmọ náà ṣe tọ̀ wá wá. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n wí pé, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbà." Nígbà tí a bèèrè orúkọ sinimá náà, tí wọ́n sì wí pé The Haunting ni, èyí tí a ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, àyà wa já, nítorí pé ìwé tí a ti mú un jáde wà lórí pẹpẹ ìwé nínú iyàrá wa, a sì ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Orúkọ ìwé náà ni The Haunting of Hill House. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Shirley Jackson ni ó kọ ọ́. Ọdún 1959 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde, ọdún mẹ́fà kí òǹkọ̀wé náà tó kú. Ẹ̀dà tiwa ti gbó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ya. Ọwọ́ ọkùnrin kan tí ń ta ògbólógbòó ìwé lẹ́bàá afárá Dọ̀pẹ̀mú ni a ti rà á, láàárín ìwé ìṣirò àti ìwé ìdánwò tí eruku títì ti bò mọ́lẹ̀. A kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà tí a ti sìnkú ìyá wa, oorun sì ti kọ̀ wá sílẹ̀. A ń wá ìwé tí kì í ṣe ti ìsìn, tí kì í sì í ṣe ti iṣẹ́, tí a ó máa fi rékọjá òru. Bí ó bá ṣe pé a ti mọ̀ ni, ìwé Sáàmù ni à bá gbé.

Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń ṣe ìwádìí nípa iwin gba ilé ńlá kan tí ènìyàn ti sá fún, ó sì kọ ìwé pe àwọn ènìyàn díẹ̀ kí wọ́n wá bá òun gbé inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó jẹ́ ìpè ni Eleanor, ẹni ọdún 32, tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tí kò sì ní ilé tirẹ̀. Ọdún 11 ni ó fi tọ́jú ìyá rẹ̀ tí àìsàn dè mọ́ orí ibùsùn, tí ó ń gbé e dìde, tí ó ń gbé e sùn, tí ó ń fi síbí bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, títí ìyá náà fi kú. Ọkùnrin tí ó kọ́ ilé iwin náà, Hugh Crain, kọ́ ọ ní wíwọ́: kò sí igun ògiri kan tí ó dọ́gba, ilẹ̀kùn tí a bá sì ṣí sílẹ̀ a máa ti ara rẹ̀ padà. Kí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ tó fi ojú kan ilé náà ni ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tí ó gbé e bọ̀ ti dojú dé lójú ọ̀nà àbáwọlé, tí ó sì kú. Ní òru, ohun kan a máa rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì máa lu ilẹ̀kùn, gbà, gbà, gbà, láti ilẹ̀kùn kan dé èkejì. Kò sí ojú ìwé kan nínú gbogbo rẹ̀ tí òǹkọ̀wé ti jẹ́ kí a rí ohun tí ń kan ilẹ̀kùn.

Ní òru kìíní tí ìró náà dé, Eleanor wà lójú oorun. Ó rò pé ìyá òun ni ó ń lu ògiri, ó sì ti dáhùn kí ó tó rántí pé ìyá òun ti kú, nítorí pé lílu ògiri ni ìyá náà fi ń pè é. Níwájú sí i, ó jẹ́wọ́ pé ní òru tí ìyá òun kú, ìyá náà lu ògiri, òun kò sì lọ. Bóyá òun kò gbọ́. Bóyá òun gbọ́, tí òun jí, tí òun sì tún padà sùn. Òun kò mọ̀. Nígbà tí a ka ibẹ̀, a pa ìwé náà dé, a tì í sábẹ́ àpótí aṣọ, ó sì tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kí a tó lè tún fi ọwọ́ kàn án. Ìdí rẹ̀ yóò hàn níwájú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkàwé wa, kì í ṣe ẹ̀rù iwin ni ó mú kí àyà wa já, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni ó mú kí a gbà. A fẹ́ rí obìnrin náà. A fẹ́ fi ojú ara wa rí bí ènìyàn tí ó ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti ń dúró, bí ó ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, àti bí ojú rẹ̀ ti ń rí nígbà tí ìró bá dé sára ògiri. Inú ìwé ni a ti mọ̀ ọ́n, a kò sì tíì rí ẹlòmíràn bí i tirẹ̀ ní gbangba.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà dé. Wọ́n ta aṣọ funfun tí àwọn ìyá ìjọ fi ń bo tábìlì nígbà àsè ìkórè mọ́ ara ògiri. Àbàwọ́n ọbẹ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ọṣẹ kò ràn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán sórí àga mẹ́ta tí a tò léra, wọ́n sì tan ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó tó ogójì ènìyàn tí ó wá, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ abiyamọ tí ó gbé ọmọ ọwọ́ dání. Ohùn àwọn agbérò ń gba ojú fèrèsé wọlé láti títì ńlá tí ó lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n ń ké Ìyànà-Ìpájà, wọ́n ń ké Ẹ̀gbẹ́dá, bí ẹni pé òpin ayé kù sí dẹ̀dẹ̀ tí ọkọ̀ kò sì tíì kún. A gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, a sì lọ jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ ní ìhà Akọ̀wọ́njọ. Ó ń wo fóònù rẹ̀ ṣáá. Ó wí pé, "Bàbá, ẹ má bínú, èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú wọn."

Jan de Bont ni ó darí sinimá náà, ẹni tí ó ti kọ́kọ́ gba òkìkí nípa Speed ní ọdún 1994, ìtàn ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tí kò gbọdọ̀ dẹ ìrìn, àti Twister ní ọdún 1996, ìtàn ìjì. A rò pé ẹni tí ó mọ ọkọ̀ àti ìjì wò kò lè ṣe aláìmú ariwo wọnú ilé. Mílíọ̀nù 80 dọ́là ni a ná sí i. Liam Neeson ni ó ṣe ọ̀mọ̀wé, Catherine Zeta-Jones àti Owen Wilson sì wà láàárín àwọn àlejò. Lili Taylor ni ó ṣe Eleanor, a kò sì ní ẹ̀sùn kankan sí i lọ́rùn. Ojú rẹ̀ jẹ́ ojú ẹni tí ó ti ṣe àìsùn fún ọdún púpọ̀. Ilé tí a ń wò láti òde jẹ́ ilé gidi kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harlaxton Manor ni orúkọ rẹ̀, ó sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń súfèé. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú wa lọ́kàn. A bá Eleanor nínú ilé tí ìyá rẹ̀ ti ṣe àìsàn kú, ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti ògiri náà sì wáyé. A tẹ̀ síwájú lórí àga wa.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbàgbé ìyá náà.

Ìró dé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dún dáadáa, a kò ní purọ́ mọ́ wọn. Àkókò yìí gan-an ni fóònù ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀gbẹ́ wa gbọ̀n. Ó wò ó, ó dìde, ó tẹ orí ba fún wa, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n a kò fi ìró náà sílẹ̀ fún wa jẹ́jẹ́ kí a máa bá a gbé. Òjìji ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí rìn lábẹ́ aṣọ ibùsùn. Àwọn ojú ọmọdé tí a gbẹ́ sára igi yí padà, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń sunkún. Ère òkúta gbéra. Òrùlé iyàrá sọ̀kalẹ̀, ó sì di Eleanor mọ́ orí ibùsùn bí ẹyẹ nínú àgò. Orí kìnnìún kan tí a fi irin rọ fò jáde láti inú ihò ibi ìdáná, ó sì gé orí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń jẹ́ Luke. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo orí! Ẹ wo orí!" Ọmọ ọwọ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì gbà pé òun ni ó mọ ìwọ̀n ohun tí à ń wò jù lọ.

Gbogbo èyí, a lè fi orí jì wọ́n. Oníṣòwò tí ó ti ná mílíọ̀nù 80 kò lè pa ọjà rẹ̀ mọ́ sínú àpò kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ohun tí ó dùn wá ni bí wọ́n ti yí ìdí ìtàn padà. Nínú sinimá yìí, Hugh Crain di ọlọ́rọ̀ búburú tí ó fi ọmọdé ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí ó pa wọ́n, tí kò sì jẹ́ kí ẹ̀mí wọn lọ. Eleanor di ìran ìyàwó rẹ̀ kejì, ẹni tí a yàn láti wá gba àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ní ìkẹyìn, ó dojú kọ iwin Crain tí ó ga bí òrùlé, ó bá a wí, ilẹ̀kùn onírin gàgàrà kan gbé iwin náà mì, Eleanor kú, àwọn ọmọ sì gòkè lọ nínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́.

Ta ni ó lu ògiri? Ta ni kò dáhùn? Kò sí ẹni tí ó tún bèèrè. Wọ́n ti rí ẹni tí ó jẹ̀bi, ó jẹ̀bi gbogbo rẹ̀, ó sì ti kú láti ọjọ́ pípẹ́; ènìyàn lè kórìíra rẹ̀ tán kí ó sì lọ sùn. Nínú ìwé, kò sí irú ìtura bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ kọ lu igi lójú ọ̀nà, ó sì kú, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ilé náà ni ó pa á tàbí òun fúnra rẹ̀.

Nígbà tí a gbàdúrà ìparí, a gé e kúrú. Ọmọbìnrin kan tí ń ká àga wí pé, "Bàbá, ẹ̀rù kò bà yín rárá?" A dá a lóhùn pé kò bà wá. Òtítọ́ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà rí i pé inú wa kò dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó wá sinimá mìíràn fún wa sórí fóònù wa, èyí tí Robert Wise ti ṣe láti inú ìwé kan náà ní ọdún 1963. Wise yìí ni ó ṣe The Sound of Music ní ọdún 1965, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ti kọ orin rẹ̀ títí ó fi sú àwọn olùkọ́. Àwòrán dúdú àti funfun ni. Kò fi iwin kankan hàn. Ilẹ̀kùn igi kan ni ó fi hàn, tí ó ń wú bọ̀ sínú iyàrá bí ikùn aboyún, tí ó sì ń padà sẹ́yìn, bí ẹni pé ohun kan ń mí ní òdì kejì rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni a wò ó, síbẹ̀ a dìde lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tiwa. Ọmọ kan náà ni ó sọ fún wa nípa The Blair Witch Project, tí àwọn ènìyàn díẹ̀ fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe nínú igbó, tí ó sì jáde ní oṣù keje ọdún 1999 gẹ́gẹ́ bí ti olówó gọbọi yìí. Àjẹ́ tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ kò yọjú rárá, ó sì pa owó ju ti de Bont lọ. Èyí kò yà wá lẹ́nu. Nígbà tí Bẹliṣásárì ń ṣe àsè, ọwọ́ nìkan ni ó rí lára ògiri, bẹ́ẹ̀ ni eékún rẹ̀ ń lu ara wọn. Bí ó bá ti rí gbogbo ara ẹni tí ń kọ̀wé ni, bóyá ì bá ti fún un ní àga.

A kò wí pé kí a má ṣe fi ohun abàmì hàn láéláé. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. mú ìwé Fágúnwà jáde ní ọdún 1938, Àgbákò yọ sí gbogbo wa pẹ̀lú ojú mẹ́rìndínlógún tí ó yí orí rẹ̀ ká, kò sì sí ẹni tí ó wí pé kí ó fi aṣọ bo ara. Ṣùgbọ́n Fágúnwà fẹ́ kí ẹnu yà wá ni, ó sì fẹ́ kí a gbádùn ìjà. Hubert Ògúndé fi àwọn àjẹ́ hàn kedere nínú Aiyé ní ọdún 1979, ẹ̀rù sì ba àwọn òǹwòran, nítorí pé ẹ̀rù náà wà nílé olúkúlùkù kí ó tó jáde wá wòran. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé sinimá a máa ba ìwé jẹ́ nígbà gbogbo. Túndé Kèlání mú Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974, ó fi ṣe sinimá ní ọdún 1997, àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé náà sì rí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ bí wọ́n ti mọ̀ wọ́n. Kèlání mọ ohun tí ìwé náà ń sunkún lé lórí. Àwọn tí ó ṣe The Haunting ní ọdún 1999 ka ìwé wọn, wọ́n sì rò pé ilé ni ó wà nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí a wá sọ ìdí tí a fi ti ìwé náà sábẹ́ àpótí.

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá wa, ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ohùn lọ pẹ̀lú. A gbé wọn wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Dọ̀pẹ̀mú, a tẹ́ ibùsùn fún wọn nínú iyàrá tí ó kan tiwa, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni wọ́n sì fi wà níbẹ̀. Nítorí pé wọn kò lè pè wá, a fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ sí ọwọ́ òsì wọn, wọ́n sì fi ń lu ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan fún omi, ẹ̀ẹ̀mejì fún yíyí ara padà. Bí wọ́n bá lù ú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹni tí ó bá gbọ́ sáré wá. Wọ́n mọ ìlù náà lù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ wa fi ń mọ̀ bóyá inú wọn dùn tàbí wọ́n ń bínú. Nígbà tí ó yá, ọ̀dà ògiri ṣí ní ojú ibẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Ìyá yìí kan náà ni ó kọ́ wa nígbà tí a wà ní kékeré pé bí a bá gbọ́ tí ẹnìkan ń pè wá lóru, kí a má ṣe dáhùn àfi bí ó bá pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí pé ohun tí kì í ṣe ènìyàn kì í pè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. A dàgbà tán, a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ ti ń kọ́ àwọn katikíìsì, a kọ́ láti rẹ́rìn-ín sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbàgbé rẹ̀.

Ní òru tí wọ́n lọ, ìyàwó wa ti lọ bá àbúrò rẹ̀ tí ó bímọ, ó sì mú àwọn ọmọ dání. Àwa nìkan ni a wà nílé pẹ̀lú ìyá. A ti sin òkú kan ní ọ̀sán, a ti ṣe ìpàdé àwọn akọrin ní ìrọ̀lẹ́, ó sì rẹ̀ wá dé egungun. Iná mànàmáná ti lọ. Aládùúgbò wa tan ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì ń dún di òwúrọ̀. A fún ìyá ní omi, a yí wọn padà, a gbàdúrà, a sì lọ sùn. Nínú oorun, a wà nílé bàbá wa, wọ́n ń gún iyán. A gbọ́ ìró odó. Ohun tí a kò lè sọ ni bóyá odó náà ti ń dún kí a tó sùn wọra, tàbí bóyá ojú wa là nígbà kan láàárín òru náà, tí a gbọ́ ọ, tí a kà á, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, tí a sì wí nínú ara wa pé kò tíì di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó wà níbẹ̀ bí ohun tí a rántí. Ó sì wà níbẹ̀ bí ohun tí a lá lálàá. Ní òwúrọ̀, ọ̀pá wà nílẹ̀. Ó ti yí dé ẹnu ọ̀nà.

A sọ fún ìyàwó wa pé ariwo ẹ̀rọ amúnáwá ni kò jẹ́ kí a gbọ́. A sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, a sọ bẹ́ẹ̀ fún Alùfáà, gbogbo wọn sì dá aládùúgbò náà lẹ́bi, wọ́n sì kẹ́dùn pẹ̀lú wa. Nígbà tí ó wá kí wa kú àṣẹ̀yìndè, orí ni a fi dá a lóhùn. Fún ọdún kan tí ó tẹ̀lé e, bí ó bá kí wa ní òwúrọ̀, a ń dáhùn bí ẹni tí eyín ń dùn. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí òun ṣe. Ó ti kó lọ sí Ìkòròdú báyìí, a kò sì mọ ojúlé rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn irin gbé Crain mì nínú gbọ̀ngàn wa ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń pàtẹ́wọ́, ojú aládùúgbò yẹn ni a rí lára aṣọ funfun náà.

Bí ẹ̀kọ́ kíkà bá kan ibi tí ọmọdé náà Sámúẹ́lì ti gbọ́ ìpè lóru, tí ó dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí ó sì sáré tọ Élì arúgbó lọ pé òun ni ó pe òun, a máa ń fi í fún ẹlòmíràn kà. Àwọn ará ìjọ rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé sinimá náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jáde lọ lóru ọjọ́ Ẹtì wá dọ̀bálẹ̀ fún wa lẹ́yìn ìsìn, ó tọrọ àforíjì pé òun kò dúró parí rẹ̀. A bèèrè àlàáfíà ìyá àgbà. Ó wí pé omi ni wọ́n fẹ́, pé nígbà tí òun dé ilé wọ́n ti sùn, ṣùgbọ́n òun jókòó tì wọ́n. Lẹ́yìn náà ó wí pé, "Bàbá, kí ni ohun tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn padà wá jẹ́?"

A bẹ̀rẹ̀ sí sọ nípa ọlọ́rọ̀ náà, ilé iṣẹ́ rẹ̀, àti àwọn ọmọdé tí ó pa. Kí a tó dé ìdajì, a dákẹ́. A wí pé kí ó wá gba ìwé náà ní ilé wa, kí ó kà á fúnra rẹ̀. Ó wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí, kò jókòó, nítorí pé ìyá àgbà nìkan ni ó wà nílé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Kò tíì dá a padà, a kò sì bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.